Ṣé Ẹbọ Ni Ìkòkò Amọ̀ Nínú Pálọ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ohun Ọ̀ṣọ́ Ilé

Àwọn tó ń ṣe ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́ ní Èkó ti padà sórí àmù àti owó ẹyọ. Ìbéèrè sì ń pọ̀, pàápàá nínú ilé alájọgbé tí gbogbo ayálégbé ti ń gba iwájú ilẹ̀kùn ara wọn kọjá.

Mo gbé ìkòkò amọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi ní Yábàá, aládùúgbò mi ní ẹbọ ni. Kí ló fà á?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń rí ìkòkò lóde òní ló fà á: ìsọ̀ lẹ́kùlẹ́jà tàbí oríta. Kí fíríìjì tó dé, kò sí ilé tí àmù kì í sí, ìbáà jẹ́ ilé ìmàle, onígbàgbọ́ tàbí olórìṣà. Ìṣaasùn ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, inú agbada amọ̀ ni wọ́n ti ń dín àkàrà. Nígbà tí ike àti páànù gba iṣẹ́ yìí, ti àgbo àti ètùtù nìkan ló ṣẹ́ kù lójú àwọn èèyàn. Ó ń dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ni, àwọn obìnrin Ìpetumodù àti Dada ní Ìlọrin ṣì ń mọ ọ́n. Ẹ wo ẹ̀yìn owó 20 náírà: obìnrin tó wà nídìí ìkòkò níbẹ̀, Ladi Kwali ni, amọ̀kòkò ọmọ Gwari. Ohun tí wọ́n bá kó sínú ìkòkò àti ọ̀fọ̀ tí wọ́n bá pè sí i ló ń sọ ọ́ di ti ètùtù. Ẹ pe aládùúgbò yín wọlé kó wo inú rẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ gbin òdòdó sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lásìkò ọyẹ́, omi àmù mi tutù nini. Nígbà òjò, kò tutù tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Rárá o. Igi àti koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń sun ìkòkò ní gbangba, iná náà kì í sì í dí gbogbo ihò wíńtínwíńtín tó wà lára amọ̀. Omi ń yọ́ gba inú ihò wọ̀nyí jáde, afẹ́fẹ́ á fà á gbẹ, ooru omi inú rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹ fọwọ́ kan ìdí àmù láàárọ̀, ó máa ń rin. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó ń fa omi kíákíá. Ti Èkó nígbà òjò ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, kò lè fà á tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀dà kun àmù tí ẹ bá fẹ́ mu omi inú rẹ̀. Ọ̀dà á dí ihò náà pa. Tó bá jẹ́ ti ọ̀ṣọ́ lásán, ẹ kùn ún bó ṣe wù yín. Funfun tó ń hù lára rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Iyọ̀ inú omi ni. Kànrìnkàn àti omi lásán ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, torí amọ̀ á fa ọṣẹ mu.

Ṣé owó ẹyọ tí mo so mọ́ ògiri ń fa owó wọlé?

Owó gidi ni nígbà kan. Erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń kó o wá, 20,000 rẹ̀ ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí àwọn oníṣòwò kó irú èyí tó tóbi jù dé láti Zanzibar ní nǹkan bí ọdún 1850 sókè, ó pọ̀ jù lọ́jà, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Èmi ò rò pé ohun tí kò lè dá iyì ara rẹ̀ dúró lè fa owó wá fúnni. Ẹ so ó nítorí ẹwà àti ìtàn rẹ̀.

Ère ológbò tó ń juwọ́ lórí káńtà ńkọ́?

Ará Japan ló ni ín. Kì í ṣe pé ó ń juwọ́. Ó ń pe èèyàn ni, ìka ní ìsàlẹ̀, bí àwa náà ṣe ń pe ọmọdé. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ń pe owó, tòsì ń pe oníbàárà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìkòkò tó dára, kí ó sì dúró lórí táìlì?

Ẹ fi ìka kàn án. Èyí tó bá dún ketekete ló dára. Èyí tó bá dún pọ̀ ti sán. Ìdí rẹ̀ rí roboto, ẹ ká aṣọ bí òṣùká kẹ́ ẹ gbé e lé e. Tí omi bá wà nínú rẹ̀, ẹ bò ó, torí ẹ̀fọn.