Ọmọ ogun mẹ́wàá tó fi ọ̀gá wọn sùn

Nínú ọkọ̀ ogun ojú omi kan tó ń jẹ́ Warren, nítòsí ìlú Providence ní Rhode Island, ni ààbò òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ta aláṣẹ lólobó ti ṣẹ̀ wá ní Amẹ́ríkà. Oṣù Kejì ọdún 1777 ni, ogun òmìnira pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ ogun mẹ́wàá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn kan, wọ́n fi Esek Hopkins, olórí ogun ojú omi Amẹ́ríkà, sùn. Wọ́n ní ìyà tó ń fi jẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní àhámọ́ rẹ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn.

Àwọn mẹ́wàá yìí láyà. Ẹ̀gbọ́n Hopkins ti ṣe gómìnà rí, ó sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ìkéde òmìnira. Hopkins fúnra rẹ̀ ló darí ọkọ̀ Sally tó wá kó ẹrú létíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1764. Nínú ènìyàn 196 tó rà, ó kéré tán 109 ló kú. Ẹ̀sùn 1777 kò kàn wọ́n rárá, ìyẹn sì ń ká mi lára.

Kápútìnì John Grannis gbé ìwé náà dé Philadelphia. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ní kí Hopkins lọ rọ́kún nílé ná. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní 1778, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni gbẹgẹdẹ wá gbiná. Hopkins pe àwọn mẹ́wàá náà lẹ́jọ́ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́, méjì nínú wọn tó wà ní Rhode Island, Samuel Shaw àti Richard Marven, sì bára wọn lẹ́wọ̀n.

Wọ́n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Ní 30 oṣù Keje 1778, ìgbìmọ̀ pinnu pé ojúṣe gbogbo ẹni tó ń sin orílẹ̀-èdè náà, àti ará ìlú pẹ̀lú, ni láti tètè fi tó aláṣẹ létí bí òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá hùwà àìtọ́ tàbí tó lu jìbìtì. Lójú tèmi, ìpinnu náà nìkan kò lè gbà wọ́n. Ìgbìmọ̀ san owó agbẹjọ́rò wọn, dọ́là 1,418, ó sì ní kí wọ́n kó àwọn ìwé tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ Hopkins fún Shaw àti Marven. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó tún gbéra. Ààrẹ Theodore Roosevelt àti Taft fòfin de òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ bá aṣòfin sọ̀rọ̀. Òfin 1912 ló tú wọn lẹ́nu. Síbẹ̀, nígbà tí Ernest Fitzgerald, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ogun òfuurufú, sọ níwájú àwọn aṣòfin ní 1968 pé owó ọkọ̀ òfuurufú C-5A yóò fi nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là ju iye tí wọ́n dá lé e lọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin 1978 dá ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ lè sá tọ̀ sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè pọ̀ jù. Òfin 1989 ló tú ìdè yẹn: bí òṣìṣẹ́ bá ti fi hàn pé olóbó tó ta wà lára ohun tó fa ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́, ó kù sọ́wọ́ ọ̀gá láti fi ẹ̀rí tó dájú hàn pé òun ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ náà ká ní kò sọ nǹkan kan. Ilé ẹjọ́ tún wá ń sọ pé ẹni tí kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ tú àṣírí kò sí lábẹ́ ààbò. Òfin 2012 fagi lé ìyẹn pẹ̀lú.