Bí a ṣe ń kó àkọsílẹ̀ oníbàárà láti inú CRM alágbàtà ilé lọ sínú sọ́fítíwíà ìfiránṣẹ́ ímeèlì

Sọ́fítíwíà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Èkíní ni èyí tí àwọn alágbàtà ilé àti ilẹ̀ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà wọn, tí wọ́n ń pè ní CRM. Inú rẹ̀ ni orúkọ olùrà, olùtà, onílé àti ayálégbé wà, pẹ̀lú ilé tí kálukú wá wò, iye owó tó lè san, àti ibi tí ọ̀rọ̀ dé láàárín òun àti alágbàtà. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, irú bíi Mailchimp, tó máa ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó tẹ ohun tó wà nínú ímeèlì àti ẹni tó ní kí wọ́n má fi ránṣẹ́ sí òun mọ́. Lójú ẹni tí kò ṣe é rí, kíkó dátà láti inú ọ̀kan sínú èkejì kò ju títẹ bọ́tìnnì méjì lọ: ọ̀kan láti kó o jáde, ọ̀kan láti kó o wọlé. Àárín bọ́tìnnì méjèèjì yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ohun tó mú un le ni pé sọ́fítíwíà méjèèjì kò ka oníbàárà sí nǹkan kan náà. CRM máa ń fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Bí ẹni náà bá yí fóònù tàbí ímeèlì padà, òun náà ṣì ni. Nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ìfiránṣẹ́, àdírẹ́sì ímeèlì gan-an ni ìdánimọ̀. Tọkọtaya tó jọ ń wá ilé, tí wọ́n sì fún alágbàtà ní àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ènìyàn méjì ni wọ́n nínú CRM. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, ẹyọ kan ni wọ́n máa dà, yálà kí orúkọ ẹni tó wọlé kẹ́yìn bo ti ẹni àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, tàbí kí sọ́fítíwíà fo ìlà kejì pátápátá. Ìyàwó lè jẹ́ ẹni tó ń bá alágbàtà sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ímeèlì wá máa kí ọkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní àdírẹ́sì méjì, ọ̀kan fún ibi iṣẹ́, ọ̀kan fún ilé, ṣe lè di ènìyàn méjì tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí a tó kó ohunkóhun jáde ni ó ti yẹ kí a pinnu orúkọ tí àdírẹ́sì àjọlò yóò máa jẹ́, àti àdírẹ́sì tí a ó mú nínú méjì.

Ọ̀rọ̀ ilé tún dá kún un. Oníbàárà kan lè ti wo ilé márùn-ún láàárín oṣù mẹ́ta, kí ó dúnàádúrà lórí méjì nínú wọn, kí ó sì tún máa ta èyí tó ń gbé lọ́wọ́. CRM máa ń pín gbogbo èyí sí tábìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ènìyàn, ti ilé, ti ìdúnàádúrà, yóò sì fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ so wọ́n pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà kan ṣoṣo ni sọ́fítíwíà ìfiránṣẹ́ ní fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, gbogbo ohun tí a bá mọ̀ nípa rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìlà yẹn. Èyí tó sábà ń yọrí sí rere ni pé kí ohun tí kì í ju ẹyọ kan lọ, bí orúkọ, alágbàtà tó ń bójú tó ẹni náà àti ọjọ́ tó béèrè ilé kẹ́yìn, ní òpó (ìlà òòró inú tábìlì) tirẹ̀, kí ohun tó lè pọ̀, bí irú ilé àti àdúgbò tó ń wá, sì di àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní táàgì. Táàgì "olùrà" àti táàgì "olùtà" lè wà lára ẹnìkan ṣoṣo láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n òpó kan tí a pè ní "irú oníbàárà" kò lè gba méjèèjì.

Bí CRM bá kó tábìlì ènìyàn àti tábìlì ìdúnàádúrà jáde ní fáìlì méjì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni a fi ń dà wọ́n pọ̀, ewu kan sì fara pamọ́ síbẹ̀. Excel kì í tọ́jú ju díjíìtì 15 lọ nínú nọ́ńbà. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, òdo ni yóò fi rọ́pò ìyókù. Ní ti Salesforce, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn CRM, ìdánimọ̀ rẹ̀ tó ní lẹ́tà 15 fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré, ṣùgbọ́n VLOOKUP, àṣẹ tí Excel fi ń wá nǹkan láti inú tábìlì kan sí òmíràn, kò mọ ìyàtọ̀ yẹn, nítorí náà ó lè gbé ìdúnàádúrà ẹnìkan lé ẹlòmíràn lórí láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ẹ̀dà rẹ̀ tó ní lẹ́tà 18 ni wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, òun sì ni ó yẹ ní lílò.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ó kúrò nínú CRM rárá. Olórí wọn ni àkíyèsí tí alágbàtà kọ sílẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀: pé tọkọtaya yìí fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta ilé, pé báńkì kò fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ẹni tọ̀hún, pé lágbájá yóò dín owó kù bí a bá mú sùúrù. Àṣírí ènìyàn ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó bá sì wà nínú òpó kan nínú sọ́fítíwíà ìfiránṣẹ́ lè bọ́ sínú ímeèlì lọ́jọ́ kan, bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ṣèèṣì yan òpó tí kì í ṣe èyí tó fẹ́. Ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba àti nọ́ńbà àkáǹtì náà kò ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ló wúwo jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Pé àdírẹ́sì ẹnìkan wà nínú CRM kò túmọ̀ sí pé ó gbà kí a máa fi ìpolówó ránṣẹ́ sí òun. Ó lè jẹ́ pé iye tí wọ́n ń ta ilé kan ni ó béèrè, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ agbẹjọ́rò olùtà, tàbí ẹni tó wá tún páìpù ṣe. Òfin GDPR ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí ààbò dátà àwọn ènìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018, sọ pé ẹni tó bá gbójú lé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Òfin CASL ti Kánádà, tó wà fún ìpolówó orí ímeèlì, tilẹ̀ ka ọjọ́: ẹni tó bá ti rajà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ọdún méjì ni a fi lè kà á sí ẹni tó gbà láì fẹnu sọ ọ́, ẹni tó kàn béèrè ọ̀rọ̀, oṣù mẹ́fà péré. Nítorí náà, ọjọ́ tí oníbàárà béèrè ilé àti ọ̀nà tó gbà béèrè gbọ́dọ̀ bá a kọjá. Òpó mẹ́ta ló tó: ọjọ́ tó gbà, ibi tó ti gbà, àti ohun tó gbà sí. Ẹni tí òpó wọ̀nyí bá ṣófo fún, CRM ni kí ó ṣì wà; alágbàtà lè pè é lórí fóònù bí òfin ibẹ̀ bá gbà á láàyè, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ti kọ̀ ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó wọlé. Wọn kì í wà lójú kan. Àwọn kan ní àmì "má ṣe kàn sí i" lórí àkọsílẹ̀ wọn, àwọn kan wà nínú sọ́fítíwíà ìfiránṣẹ́ àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ ti pa tì, àwọn kan sì wà nínú àkíyèsí lásán, níbi tí alágbàtà kọ ọ́ sí pé "obìnrin yìí ní ká má dààmú òun mọ́". Ó lè dà bíi pé kí a kàn yọ wọ́n kúrò nínú fáìlì ti tó, ṣùgbọ́n kò tó. Ní oṣù tó ń bọ̀, ẹlòmíràn lè kó fáìlì tuntun jáde láìrántí yọ wọ́n, kí gbogbo wọn wọlé bí ẹni tuntun. Bí àdírẹ́sì wọn bá ti wà nínú àtòjọ àwọn tí sọ́fítíwíà kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí, kódà bí ẹnìkan bá ṣàṣìṣe kó wọn wọlé, ímeèlì kankan kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ti sọ pé òun kò fẹ́ mọ́, ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i ni pé kí ó má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Fáìlì CSV ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbé dátà kọjá. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, tí kọ́mà ń pín òpó rẹ̀ níyà. RFC 4180, ìwé ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2005, sọ pé ó yẹ kí ohunkóhun tó bá ní kọ́mà nínú wà láàárín àmì àyọlò. Bí CRM kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iye owó tí wọ́n kọ bíi 250,000 yóò pín sí méjì, 250 nínú òpó kan àti 000 nínú èyí tó tẹ̀ lé e, gbogbo òpó tó kù nínú ìlà náà á sì sún síwájú, títí tí nọ́ńbà fóònù á fi jókòó sí ibi tó yẹ kí àdírẹ́sì ímeèlì wà. Orúkọ tó lámì náà ń jìyà. Bí a bá kọ fáìlì ní UTF-8, tí ètò tó ṣí i sì kà á bíi Windows-1252 (ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà ni wọ́n), Ṣadé yóò di "á¹¢adÃ©", bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ímeèlì yóò sì kí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ènìyàn rí orúkọ ara rẹ̀ báyẹn nínú lẹ́tà tó ń sọ pé a mọyì rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a má fi tẹ-lẹ́ẹ̀mejì ṣí fáìlì náà ní Excel, kí a gbà á wọlé láti inú Excel fúnra rẹ̀, kí a yan UTF-8, kí a sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni òpó fóònù, kì í ṣe nọ́ńbà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, òdo tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà fóònù yóò pòórá, nọ́ńbà tó gùn yóò di irú 2.34E+12, bí a bá sì fi pa mọ́ bẹ́ẹ̀, díjíìtì tó sọnù kò ní padà wá mọ́.

Ọjọ́ náà ní ìkẹ́kùn tirẹ̀. 03/04/2024 lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí ẹni tó ń kà á ti wá. Bí a bá kọ ọ́ ní 2024-04-03, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ISO 8601, kò ní sí àríyànjiyàn, bí sọ́fítíwíà tí ń gbà á bá gba irú rẹ̀. Àṣìṣe inú àdírẹ́sì, irú bíi "gmial.com" tàbí àyè òfìfo tó lẹ̀ mọ́ ìparí, rọrùn láti wá rí.

Kí a tó kó fáìlì náà wọlé, gbogbo ímeèlì tó ń lọ fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ dá dúró. Bí a bá ti ṣètò pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àtòjọ gba ímeèlì "ẹ káàbọ̀", ẹni tó ra ilé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn lè gbà á pẹ̀lú ìbéèrè pé ṣé ó ń wá ilé àkọ́kọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò, pẹ̀lú nǹkan bí ogún ìlà. Kí ó má jẹ́ ogún tó mọ́ jù. Àwọn tó burú ni kí a wá: orúkọ tó lámì, tọkọtaya alájọlò, iye owó tó ní kọ́mà, òpó tó ṣófo, àti àdírẹ́sì òṣìṣẹ́ kan nínú ilé-iṣẹ́ tó máa gba ímeèlì náà ní tòótọ́, kí ó sì wò ó lórí fóònù rẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé tán, ìṣirò ló kù. Ká ní ìlà 4,000 ló jáde, tí 3,610 sì wọlé, 390 tó kù gbọ́dọ̀ ní àlàyé: mélòó ló jọ ara wọn, mélòó ló wà nínú àtòjọ àwọn tó kọ̀, mélòó ni àdírẹ́sì wọn kò pé. Nọ́ńbà kan tí kò bá ní àlàyé, ó lè jẹ́ àwọn oníbàárà alágbàtà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

Ìfiránṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ kó gbogbo ènìyàn pọ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè pé kí àwọn tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣètò SPF, DKIM àti DMARC lórí dóméènì wọn (àwọn ètò tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ pé òun fi ímeèlì ránṣẹ́ ni ó ti wá lóòótọ́), kí ẹni tó ń gba ímeèlì lè yọ ara rẹ̀ kúrò pẹ̀lú títẹ kan, kí ìwọ̀n àwọn tó ń pè é ní spam (ímeèlì àìbéèrè) má sì dé 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Lójú Google, ẹni tó bá ń fi ímeèlì 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àdírẹ́sì Gmail lójúmọ́ ni ó wà lára àwọn wọ̀nyí. Mẹ́ta nínú 1,000 kò pọ̀ rárá, àtòjọ tó ti pẹ́ sì lè kọjá rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan. Àdírẹ́sì tí ẹni tó ni ín ti pa tì lè ti di pańpẹ́ tí àwọn tó ń gbógun ti spam dẹ sílẹ̀. Àwọn tó bá alágbàtà sọ̀rọ̀ láìpẹ́ ni kí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí, díẹ̀díẹ̀, kí a máa fi kún un bí èsì bá ṣe rí. Àdírẹ́sì tí ímeèlì rẹ̀ bá padà pẹ̀lú kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, kí a yọ ọ́; èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, ìdádúró fún ìgbà díẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, àkọsílẹ̀ ti di méjì, kálukú á sì máa yí padà láyè tirẹ̀ bí a kò bá so wọ́n pọ̀ nípasẹ̀ API, ọ̀nà tí sọ́fítíwíà méjì ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. CRM ni kí ó máa pàṣẹ lórí orúkọ, ilé àti ìdúnàádúrà. Sọ́fítíwíà ìfiránṣẹ́ ni kí ó máa pàṣẹ lórí ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀, kí ìròyìn ẹni tó yọ ara rẹ̀ kúrò sì padà dé CRM lọ́jọ́ náà. Òfin CAN-SPAM ti Amẹ́ríkà fúnni ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti ṣe ohun tí ẹni náà béèrè, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò nílò ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn fáìlì CSV tí a lò, tí wọ́n kún fún orúkọ, fóònù àti owó àwọn ènìyàn, á ṣì wà nínú àpò ìgbàsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, nínú ímeèlì tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, àti nínú ibi tí wọ́n ń da fáìlì nù sí. Kí a tọ́jú ẹ̀dà kan sí ibi tó ní kọ́kọ́rọ́ títí ìṣirò yóò fi pé, kí a sì pa gbogbo ìyókù rẹ́.