Ibojì àwọn gbajúmọ̀ ní Palm Springs àti agbègbè rẹ̀

Palm Springs jẹ́ ìlú aṣálẹ̀ kan ní gúúsù Kalifọ́rníà, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn ìlú tó yí i ká nínú àfonífojì Coachella ni ilé ìkẹyìn ọ̀pọ̀ akọrin, òṣèré, olùdarí fíìmù àti olóṣèlú. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn itẹ́ òkú ibẹ̀ ni Desert Memorial Park, níbi tí wọ́n sin akọrin Frank Sinatra sí ní ọdún 1998. Itẹ́ òkú yìí kò sí nínú Palm Springs gan-an. Cathedral City, ìlú tó múlé tì í, ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ tó ń bójú tó itẹ́ òkú Palm Springs ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi máa ń sọ pé Palm Springs ni wọ́n sin Sinatra sí, tí ẹlòmíràn á sì dárúkọ Cathedral City. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń wí.

Ohun tó gbé wọn dé aṣálẹ̀

Palm Springs wà ní ẹsẹ̀ òkè San Jacinto, ó sì fi nǹkan bíi kìlómítà 170 jìnnà sí Los Angeles. Ilẹ̀ àwọn Cahuilla, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni, àwọn ni wọ́n sì ti ń wẹ̀ nínú ìsun omi gbígbóná rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí aláwọ̀ funfun tó débẹ̀. Àwọn ará Hollywood bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ìlú náà ní àwọn ọdún 1920 àti 1930. Oòrùn ń ràn níbẹ̀ nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, akọ̀ròyìn kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù kì í gbà kí òṣèré tó bá wọn ṣe àdéhùn rìn jìnnà ju wákàtí méjì lọ, Palm Springs sì bọ́ sínú ìwọ̀n náà. Ẹni tó wá sinmi ra ilẹ̀, ẹni tó ra ilẹ̀ kọ́lé, ẹni tó kọ́lé sì darúgbó síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú àpilẹ̀kọ yìí, nínú àfonífojì yẹn ni wọ́n ti kú. Sinatra àti Sonny Bono, akọrin tó di olóṣèlú, àwọn méjì tí èrò ń wá sàréè wọn jù, ni wọ́n gbé òkú wọn wá láti ibòmíràn.

Desert Memorial Park

Àárín àwọn ọdún 1950 ni itẹ́ òkú yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí ère gíga, ilé òkú onímábù tàbí ọ̀pá òkúta tó ga ju ènìyàn lọ kò ní rí wọn níbẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ tó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ló wà lórí àwọn sàréè, koríko tútù sì yí wọn ká. Koríko yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìyanu díẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Palm Springs láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà 120 lọ, ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń kọjá 40°C lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2024, ó dé 51.1°C, èyí tó ga jù nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Omi abẹ́lẹ̀ àti omi tí wọ́n ń fà wá láti odò Colorado ni wọ́n fi ń tọ́jú ewéko àfonífojì náà, títí kan ti itẹ́ òkú. Nítorí pé òkúta gbogbo rí bákan náà, ó ṣòro fún àlejò láti mọ sàréè olówó yàtọ̀ sí ti mẹ̀kúnnù. Ọ́fíìsì itẹ́ òkú máa ń fún àwọn tó bá béèrè ní àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí àwọn gbajúmọ̀ sùn sí hàn.

Frank Sinatra àti àwọn tó sùn tì í

Wọ́n bí Sinatra ní Hoboken, New Jersey, ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1915. Ó kọ́lé sí Palm Springs ní ọdún 1947, ilé tí wọ́n ń pè ní Twin Palms, tí adágún ìwẹ̀ rẹ̀ dà bíi dùùrù. Lẹ́yìn náà ó kó lọ sí Rancho Mirage tó wà nítòsí, ibẹ̀ ló sì gbé títí di àárín àwọn ọdún 1990. Los Angeles ni ó kú sí ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1998. Wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Good Shepherd ní Beverly Hills ní ọjọ́ 20 oṣù náà, kí wọ́n tó gbé e padà sí aṣálẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Bàbá rẹ̀, Marty, kú ní ọdún 1969. Ikú ìyá rẹ̀, Dolly, ló le jù. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1977, ìyá náà wọ bàálù kékeré kan láti Palm Springs, ó ń lọ wo ọmọ rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ kọrin ní Las Vegas. Bàálù náà forí sọ òkè San Gorgonio, kò sì sí ẹni tó yè nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró nínú àfonífojì náà tó wo apá àríwá ìwọ̀-oòrùn yóò rí òkè yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sórí òkúta Sinatra ni "The Best Is Yet to Come", ìyẹn ni pé èyí tó dára jù ṣì ń bọ̀. Orúkọ orin ni. Orin yẹn gan-an ló kọ kẹ́yìn nígbà tó kọrin fún àwùjọ fún ìgbà ìkẹyìn, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1995, ní Palm Desert, ìlú tí kò jìnnà sí itẹ́ òkú náà rárá. Ìyàwó rẹ̀ ìkẹyìn, Barbara, kú ní ọdún 2017, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n pààrọ̀ òkúta ọkọ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ "Sleep Warm, Poppa" sí, ọ̀rọ̀ ìdágbére ọmọ sí bàbá.

Ohun tí wọ́n sọ pé wọ́n kó sínú pósí rẹ̀ ti di ìtàn tí kò ṣeé ṣe kí ènìyàn má gbọ́: ìgò ọtí Jack Daniel's kan, páálí sìgá Camel kan, láítà Zippo kan, àti owó ẹyọ sẹ́ǹtì mẹ́wàá-mẹ́wàá. Gbogbo ayé mọ̀ pé ó fẹ́ràn ọtí àti sìgá. Owó ẹyọ yẹn ló nílò àlàyé. Nígbà tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé ní oṣù kejìlá ọdún 1963, orí tẹlifóònù ojú títì ni àwọn ajínigbé ní kí ó ti máa bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì bà á pé owó ẹyọ lè tán lọ́wọ́ òun kí ọ̀rọ̀ tó parí. Láti ìgbà náà, wọ́n ní kì í jáde nílé láìfi owó ẹyọ sápò. Àwọn tó ń bẹ sàréè rẹ̀ wò náà máa ń fi owó ẹyọ àti ìgò ọtí kéékèèké sílẹ̀ lórí òkúta náà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wà nítòsí rẹ̀. Jilly Rizzo, ọmọ New York tó ní ilé ọtí, tó sì jẹ́ ẹnìkejì Sinatra níbikíbi tó bá ń lọ, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Rancho Mirage ní ọdún 1992, ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Èkejì ni Jimmy Van Heusen, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Edward Chester Babcock. Òun ló ń ṣe ohùn orin fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin tí Sinatra fi di ìlúmọ̀ọ́ká, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar mẹ́rin. Ó kú ní ọdún 1990. "Swinging on a Star", orin tó gba Oscar àkọ́kọ́ fún un, ni wọ́n kọ sórí òkúta rẹ̀.

Sonny Bono

Orin ni Sonny Bono fi bẹ̀rẹ̀, òun àti Cher, tó fẹ́ ní àwọn ọdún 1960. Ohun tó gbé e wọ ìṣèlú kéré débi pé ó pani lẹ́rìn-ín: ó ṣí ilé oúnjẹ ní Palm Springs, ó fẹ́ gbé pátákó orúkọ síwájú rẹ̀, ìyọnu tó sì rí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú mú kí ó pinnu láti di mẹ́yọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wọlé ní ọdún 1988, ó sì wà nípò títí di 1992. Ayẹyẹ fíìmù àgbáyé ti Palm Springs, tó ṣì ń wáyé lọ́dọọdún, bẹ̀rẹ̀ nígbà tirẹ̀. Ní ọdún 1995 ó wọ Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1998, níbi tó ti ń fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè oníyìnyín nítòsí adágún Tahoe, ó kọlu igi kan, ó sì kú. Ọmọ ọdún 62 ni. Cher, tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ohun tó ju ogún ọdún lọ ṣáájú ìgbà náà, ló dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbi ìsìn òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Theresa ní Palm Springs, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Òkúta rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ "And the Beat Goes On", láti inú orin tó kọ fún àwọn méjèèjì ní ọdún 1967. Mary, ìyàwó tó kú dè, ló wọlé dípò rẹ̀ ní ilé aṣòfin. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi orúkọ Bono pe òfin tó fi ogún ọdún kún iye ọdún tí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà máa ń pẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Àwọn mìíràn nínú itẹ́ òkú náà

Busby Berkeley, tó máa ń to àwọn oníjó bí òdòdó àti bí àgbá kẹ̀kẹ́ kí kámẹ́rà tó wò wọ́n láti òkè, kú ní Palm Springs ní ọdún 1976. William Powell, òṣèré tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù fún ipa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́gbọ́n tí kì í fi ọtí sílẹ̀, ti fi eré sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó kú níbẹ̀ ní 1984, ní ẹni ọdún 91. Frederick Loewe, ọmọ bíbí Berlin tó ṣe ohùn orin eré orí ìtàgé "My Fair Lady", tẹ̀lé e ní 1988. Jolie Gabor, ìyá àwọn arábìnrin Gabor mẹ́ta láti Họ́ńgárì, kú ní oṣù kẹrin ọdún 1997. Magda, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ náà, tẹ̀lé e ní oṣù kẹfà. Zsa Zsa àti Eva, tí ayé mọ̀ jù wọ́n lọ, kò sí níbẹ̀. Betty Hutton, akọrin àti òṣèré tí òkìkí rẹ̀ kàn ní àwọn ọdún 1940, tó sì wá rí ìṣẹ́ lẹ́yìn ọlá, ni wọ́n sin síbẹ̀ ní 2007.

Welwood Murray

Itẹ́ òkú yìí ni àgbà, ó sì wà nínú Palm Springs fúnra rẹ̀, lẹ́bàá òkè. Orúkọ ọmọ Scotland tó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ sí ìlú náà ní àwọn ọdún 1880 ni wọ́n fi pè é. Ibi tí àwọn tó dá ìlú sílẹ̀ wà nìyí, bíi Nellie Coffman, obìnrin tó ṣí hòtẹ́ẹ̀lì Desert Inn ní ọdún 1909. Òṣèré Charles Farrell náà wà níbẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ Virginia Valli, tí òun náà jẹ́ òṣèré fíìmù aláìfọhùn. Farrell àti òṣèré Ralph Bellamy ni wọ́n dá Racquet Club, ẹgbẹ́ eré tẹ́níìsì, sílẹ̀ ní ọdún 1934, Farrell sì di mẹ́yọ̀ ìlú náà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Nítorí náà, Bono kọ́ ni eléré àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn. Albert Frey, ayàwòrán ilé láti Switzerland tó ti bá Le Corbusier, ayàwòrán ilé tó lókìkí, ṣiṣẹ́ ní Paris, wà níbẹ̀ bákan náà. Gbọ̀ngàn ìlú Palm Springs wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tó kọ́ fún ara rẹ̀ sórí òkè ní àwọn ọdún 1960 ní àpáta ńlá kan nínú yàrá, torí pé kò fẹ́ fọ́ ọ. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1998, ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn Agua Caliente, ẹ̀yà Cahuilla tó ni ilẹ̀ náà, ní itẹ́ òkú tiwọn nínú ìlú, èyí tí wọ́n fi orúkọ Jane Augustine Patencio pè.

Coachella àti Rancho Mirage

Ní apá ìsàlẹ̀ àfonífojì, níbi tí oko dábínù pọ̀ sí, ni itẹ́ òkú ìlú Coachella wà. Ibẹ̀ ni olùdarí fíìmù Frank Capra sùn sí. Sicily ni wọ́n ti bí i ní 1897, ó gba Oscar olùdarí tó dára jù lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú ní La Quinta ní 1991. Itẹ́ òkú kan náà ni wọ́n sin Jacqueline Cochran sí ní 1980. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa ọkọ̀ òfurufú sáré ju ohùn lọ, ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, òun ló sì darí àwọn obìnrin awakọ̀ òfurufú tó ṣiṣẹ́ fún ológun Amẹ́ríkà nígbà ogun àgbáyé kejì. Ní 1956 ó du ipò ilé aṣòfin ní agbègbè náà, ṣùgbọ́n Dalip Singh Saund, àgbẹ̀ kan tí wọ́n bí ní Íńdíà, ló borí rẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú tó wà ní Thermal ń jẹ́ orúkọ Cochran.

Walter Annenberg, olówó ìwé ìròyìn tó tún ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Britain, kò lọ sí itẹ́ òkú kankan. Inú ọgbà ilé rẹ̀, Sunnylands, ní Rancho Mirage, ni wọ́n sin ín sí ní 2002, ìyàwó rẹ̀ Leonore sì tẹ̀lé e ní 2009.

Àwọn tó gbé ibẹ̀ tí wọn kò sin síbẹ̀

Liberace, ọ̀gá olùtẹ dùùrù, kú sínú ilé rẹ̀ ní Palm Springs ní 1987, ṣùgbọ́n Los Angeles ni wọ́n sin ín sí. Ààrẹ Gerald Ford kú ní Rancho Mirage ní oṣù kejìlá ọdún 2006, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Palm Desert kí àwọn ará agbègbè lè dágbére fún un, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Grand Rapids ní Michigan. Ní ti akọrin Dinah Shore, tó kú ní 1994, wọ́n pín eérú rẹ̀ sí méjì: apá kan wà ní itẹ́ òkú Hillside ní Culver City, apá kejì sì wà ní Forest Lawn ní Cathedral City.