Ṣé irin ìbàdí ti ṣí ni, àbí àwòrán X-ray ni kò bára mu?

Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ oríkèé ìbàdí fún lè gbé àwòrán X-ray ti èṣín àti ti ọdún yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àyà rẹ̀ já pé irin ti ṣí. Ohun tó ń fa ìjáyà yìí ni ìgbàgbọ́ pé igun tí a bá wọ̀n lórí àwòrán ni igun tí irin wà nínú ara. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òjìji ni X-ray; ó ń tẹ iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ sójú kan.

Igun méjì ni dókítà eegun ń wá lára ife tí wọ́n fi sínú egungun ìbàdí, ìyẹn abọ́ kékeré tí bọ́ọ̀lù orí egungun itan ń yí nínú rẹ̀. Bí ife ṣe dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ṣòro: wọ́n á fa ìlà láti ìsàlẹ̀ egungun ìjókòó ọ̀tún dé ti òsì, wọ́n á fa òmíràn gba ẹnu ife, wọ́n á wọn àárín wọn.

Bí ẹnu ife ṣe kọjú síwájú tó ló ń dani láàmú. Gbé ife omi tó ṣófo sókè títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bá ojú rẹ dọ́gba: ìlà lásán lo máa rí. Dà á sọ́dọ̀ ara rẹ díẹ̀, ìlà náà á di rìbìtì pẹlẹbẹ. Bí rìbìtì yẹn ṣe pẹlẹbẹ tó ni wọ́n fi ń ṣírò. Ṣùgbọ́n X-ray ń rí inú àti òde papọ̀, nítorí náà ife tó kọjú síwájú ní dígírì 15 àti èyí tó kọjú sẹ́yìn ní 15 fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ nínú àwòrán iwájú. Ewu ńlá nìyẹn, torí èyí tó kọjú sẹ́yìn lè jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yẹ̀ jáde nígbà tí ènìyàn bá jókòó sórí àga tó rẹlẹ̀. Àfi kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀gbẹ́.

Egungun ìbàdí fúnra rẹ̀ tún máa ń yí bí a bá dìde tàbí dùbúlẹ̀. Bó bá yí ní dígírì 10, igun iwájú lè fi nǹkan bíi 7 yàtọ̀, irin kò sì mira rárá! Ibi tí wọ́n dojú ìtànṣán kọ náà ń dá kún un.

Láti 1978 ni dókítà eegun Lewinnek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dábàá dígírì 40 fún dídà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti 15 fún kíkọjú síwájú, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má fi ju 10 yàtọ̀. Àwọn iye wọ̀nyí kì í ṣe òfin. Ọ̀pọ̀ oríkèé tó yẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Irin lè ṣí lóòótọ́ o. Bí ìrora tuntun bá dé, tàbí tí igun ń yí lórí àwòrán tí wọ́n yà bákan náà, ẹ tètè rí dókítà. Ó lè ní kí ẹ ya CT, èyí tó ń fi iwájú àti ẹ̀yìn hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.