Handling ejò: bí ọwọ́ yín ṣe máa mọ́ mọ̀nàmọ́ná kékeré lára tí kò fi ní máa ṣán yín

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń sin ejò nílé máa ń sọ ṣáá, handling. Wọ́n á ní "ṣe handling ẹ̀ dáadáa, á rọlẹ̀", ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ejò á wá máa gbé e kiri pálọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ejò á máa ṣán an, òun náà á máa já a sílẹ̀, kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì á ní ejò yẹn burú. Ejò yẹn ò burú rárá. Handling ju kéèyàn kàn gbé ejò lọ́wọ́ lọ, ohun tó jẹ́ ni pé kẹ́ ẹ máa gbé e díẹ̀díẹ̀, létòlétò, títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn lára.

"Mọ́ lára" yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Èbúté-Mẹ́tta. Lálẹ́ àkọ́kọ́, tí rélùwéè bá fọn fèrè, á fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá fi máa tó oṣù kan, ọkọ̀ á kọjá, kò tiẹ̀ ní mọ̀. Etí ẹ̀ ò di, kò sì nífẹ̀ẹ́ ariwo, ara ẹ̀ kàn ti rí i pé fèrè yìí ò ṣe òun ní nǹkan kan rí. Òyìnbó ń pe ìyẹn ní habituation. Fún ejò yín, ọwọ́ yín ni rélùwéè yẹn.

Nítorí náà ẹ má retí pé á fẹ́ràn yín bí ajá. Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà, òótọ́ sì ni, òun nìkan ló ń dá rìn, kò wá ẹni tó máa bá ṣeré. Èyí tó lè ṣe ni pé kó gbà pé ẹ kì í ṣe ewu, mo sì gbà pé ìyẹn tó.

Mọ̀nàmọ́ná ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n ń pè ní ball python, tó jẹ́ pé apá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí náà ló ti wá, kò ní oró. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ẹyin, gígùn ẹ̀ máa ń wà láàárín sẹ̀ntímítà 25 sí 45, gbogbo nǹkan ló lè pa á jẹ, àṣá lè gbé e, ológbò lè fà á ya, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó kéré ló máa ń ṣán jù. Ẹ̀rù ló ń bà á. Sèbé àti paramọ́lẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, ejò tẹ́ ẹ bá rí ní gọ́tà tàbí nínú igbó, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ tún mọ̀ pé ìṣán oríṣi méjì ló wà. Ti ìbẹ̀rù, á ká ọrùn bíi lẹ́tà S, á mí fín-ín, á ṣán, á sì fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti oúnjẹ, á gbá a mú, á sì wé mọ́ ọn. Èyí ẹ̀yìn yìí, ẹ̀bi wa ni púpọ̀ nínú ẹ̀, torí mọ̀nàmọ́ná ní àwọn ihò kéékèèké létè tó fi ń mọ ibi tí ooru wà, tọ́wọ́ yín bá wá gbóná tó sì ń rùn bí eku, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e, kẹ́ ẹ sì tún wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà torí ejò máa ń ní kòkòrò Salmonella lára.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e délé, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kó ní ibi tó lè sá sí, kó kọ́kọ́ jẹun bí ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 5 ti tó, bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ má nawọ́ sí i látòkè, bí àṣá ṣe ń wá nìyẹn, ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ rọra fi igi kékeré kan án lára kó mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ló dé, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ méjèèjì gbé e láti àárín ara. Ẹ má di orí ẹ̀ mú. Ẹ má sì lọ́ra, ọwọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ níwájú ẹ̀ ló máa ń dẹ́rù bà á jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́ nìyí. Ejò ṣán wọn, kíá wọ́n dá a padà sínú àpótí. Bí ọmọ tó ké ní ṣọ́ọ̀bù tí màmá ẹ̀ sì fún un ní bisikíìtì, á tún ké lọ́la. Ejò náà á kọ́ ọ pé tóun bá ti ṣán yín, ẹ máa fòun sílẹ̀. Nígbà tí tèmi ṣán mi ní Ṣúrùlérè, mo kàn dúró jẹ́ẹ́, mo gbé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ títí tí ara ẹ̀ fi dẹ̀, tó ń yọ ahọ́n wò mí, kí n tó dá a padà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà mí.

Èèkó ní wàhálà tiẹ̀ ṣá. Ejò ò ní etí níta bíi tiwa, àmọ́ ó ń gbọ́ ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀, nítorí náà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lẹ́yìn wíńdò, ẹ má gbé àpótí ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi tímùtímù tàbí fóòmù sábẹ́ ẹ̀, ẹ sì dúró kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e.

Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á pọ oúnjẹ náà. Tójú ẹ̀ bá ṣú bí omi aró, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn, kò ríran dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá sì ṣán yín tí kò fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ má fà á, eyín ẹ̀ kọ ẹ̀yìn, ẹ da omi tútù sí i lẹ́nu, á tú ara ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀.