Ìwé ìpè ti ya, àlejò ṣì jókòó: bí ImageMagick ṣe ń wọ Ubuntu àti bó ṣe ń jáde

Ẹni tó ya igba àwòrán lóde ìyàwó, tó fẹ́ sọ gbogbo wọn di kékeré kó tó fi wọ́n ránṣẹ́, kò ní láti máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ImageMagick, ètò tí a ń fi àṣẹ tún àwòrán ṣe, bá wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìlà kan nínú Terminal, ojú ibi tí a ń tẹ àṣẹ sí, ti tó:

mogrify -resize 50% *.jpg

Kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fódà náà o, torí orí àwòrán gan-an ni mogrify ń kọ tirẹ̀ lé.

John Cristy ló bẹ̀rẹ̀ ImageMagick ní 1987, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní DuPont ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Lórí Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ní ẹ̀dà 22.04 tàbí 24.04, ìlà méjì ló ń gbé e wọlé:

sudo apt update
sudo apt install imagemagick

Sudo, tó ń fún àṣẹ ní agbára alábòójútó, á béèrè páṣíwọọ̀dù. Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan kò ní hàn lójú kọ̀ǹpútà. Kíbọ́ọ̀dù kò bàjẹ́. Ó ń fi í pa mọ́ fún ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ni. Ìlà àkọ́kọ́ kàn ń lọ wo ohun tó wà lórí àtẹ Ubuntu lónìí. Ìkejì ló ń ṣiṣẹ́ gan-an: apt, tó ń bá Ubuntu gbé ètò wọlé, á wo gbogbo ohun tí ImageMagick nílò, èyí tó mọ JPEG kà, èyí tó mọ PNG kà, á fo èyí tó ti wà nílẹ̀, á sì sọ iye dátà tí yóò jẹ kó tó béèrè Y tàbí n. Ẹni tó ń fi dátà fóònù ṣe é, kó ka ibẹ̀ dáadáa.

Dpkg, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ apt, ló máa wá tú ẹrù palẹ̀. Àwọn àṣẹ á lọ sínú /usr/bin, àwọn ìṣètò á lọ sínú /etc/ImageMagick-6, gbogbo fáìlì tó bá sì gbé kalẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀, kó lè mọ ohun tí yóò kó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ. Bí a bá kọ convert -version tó dáhùn, ó ti wọlé.

Convert ni orúkọ àṣẹ náà nínú ẹ̀dà 6. Magick ló di nínú ẹ̀dà 7. Àwọn tó ń lo Windows ló jẹ àǹfààní ìyípadà yìí jù. Windows ti ní convert tirẹ̀ tipẹ́, tó ń sọ dísìkì FAT di NTFS. Èèyàn á pe alátùn-únṣe àwòrán, alátùn-únṣe dísìkì á dáhùn.

Jíjáde ló ní wàhálà. Ẹni tó kọ sudo apt remove imagemagick, tí apt sì parí iṣẹ́, á tún kọ convert -version, á sì bá a pé convert ṣì ń dáhùn. Ìwé ìpè lásán ni ẹrù tó ń jẹ́ imagemagick lórí Ubuntu. Imagemagick-6.q16 tó pè wá ló gbé convert dání, imagemagick-6-common ló sì gbé àwọn ìṣètò. A ya ìwé ìpè, àwọn àlejò ṣì jókòó. Èyí ló ń kó wọn:

sudo apt autoremove --purge imagemagick

Autoremove ń wá àwọn tí ẹlòmíì mú wá, tí ẹnikẹ́ni kò nílò mọ́. Kí a ka orúkọ tó bá tò sílẹ̀ ká tó gbà. Bí Inkscape, ètò ìyàwòrán, bá wà lórí kọ̀ǹpútà náà, díẹ̀ lára wọn yóò dúró, torí òun náà ń lò wọ́n. Purge ló ń kó ìṣètò inú /etc, remove kì í fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ba policy.xml jẹ́ (fáìlì tí Ubuntu fi dí PDF lọ́nà látìgbà tí ihò ààbò Ghostscript, ètò tó ń bá a ka PDF, ti hàn ní 2018), tó yọ ImageMagick tó sì tún gbé e wọlé, fi ń bá ìbàjẹ́ kan náà pàdé.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Terminal tó ti wà ní ṣíṣí lè máa sọ pé: bash: /usr/bin/convert: No such file or directory. Bash, tó ń ka àṣẹ inú Terminal, ti há ọ̀nà ibẹ̀ sórí, kò tíì gbọ́ pé onílé ti kó lọ. Kí a pa Terminal yẹn dé, ká ṣí òmíràn, ká tún kọ convert. Lọ́tẹ̀ yìí Ubuntu á ní òun kò rí i, á sì sọ bí a ṣe lè gbé e wọlé.