Ìrìnàjò ọjọ́ kan sí Conwy àti Caernarfon: ẹnubodè ni kẹ́ ẹ wò

Tíkẹ́ẹ̀tì rírà, ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbéèyàn, irú bàtà tó yẹ kéèyàn wọ̀, gbogbo ìyẹn ò gba àlàyé. Láti Manchester, Liverpool tàbí Chester lèèyàn ti lè bá bọ́ọ̀sì ìrìnàjò gbéra láàárọ̀ lọ wo àwọn ilé olódi (castle) àríwá Wales, bọ́ọ̀sì á gba títì A55 tó ń bá etí òkun lọ, á yà sí Conwy, á tún kọjá sí Caernarfon, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ṣẹ́rí padà. Ibi tó dùn ni bí àwọn ilé olódi yẹn fúnra wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sáré gun orí ògiri lọ ya fọ́tò, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà kọjá bíi pé ẹnu ọ̀nà lásán ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọgbọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aago kúrò nílẹ̀ ná. Gáìdì á ní "wákàtí méjì lẹ ní níbí o", àwọn èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ó ń lé àwọn. Ẹ má bínú sí gáìdì, dírẹ́bà ló ni aago yẹn. Ẹ̀rọ kan wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń kọ gbogbo ìṣẹ́jú tí dírẹ́bà fi wakọ̀ sílẹ̀, òfin Ìlú Ọba sì sọ pé tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45, wákàtí tó máa fi wakọ̀ lójúmọ́ ò sì gbọ́dọ̀ ju 9 lọ àfi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó lè di 10. Ohun tí ẹni tó ṣètò ìrìnàjò wá ń ṣe ni pé ó máa ń fi ìsinmi dírẹ́bà sí àárín ìgbà tẹ́ ẹ̀yin ń wòran, ẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ́wọ́, òun náà ń jẹun, ẹnikẹ́ni ò fi àkókò ẹnìkejì ṣòfò. Ọgbọ́n gidi ni. Àléébù ẹ̀ ni pé tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà, inú àkókò ìwòran ni wọ́n ti máa gé e, Caernarfon tó kẹ́yìn ló sì máa ń jìyà ẹ̀, ó sì dùn mí torí Caernarfon ló ni ẹnu ọ̀nà tó dáa jù.

Ó yá, ilé olódi. Ọmọ Yorùbá ò yẹ kó ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Odi yí Ọ̀yọ́ Ilé ká, yàrà Ṣungbọ́ sì ṣì wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú títí dòní, nǹkan bíi kìlómítà 160 ló fi yípo, ibòmíì jìn tó ogún mítà láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀ kòtò. Ẹni tó bá mọ ìtàn odi mọ̀ pé kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ ló ń ṣọ́ ìlú, oníbodè ni. Ibodè lèèyàn ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè pé ta nìyẹn, níbo lo ti ń bọ̀, kí lo rù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbowó. Odi kàn ń rí i dájú pé kò sọ́nà míì ni, kí gbogbo ẹni tó fẹ́ wọlé lè fojú kan oníbodè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun náà ló wà ní Wales.

Ọba Edward Kìíní ilẹ̀ Ẹ́ńgílándì ló ṣẹ́gun Wales. Llywelyn ap Gruffudd tó jẹ́ olórí wọn kú sójú ogun ní oṣù Kejìlá 1282, nígbà tó fi máa di 1283 Edward ti ń kó àwọn agbẹ́kùúta àti káfíńtà wá láti káàkiri Ẹ́ńgílándì. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní James of St George. Conwy parí láàárín ọdún mẹ́rin péré, 1283 sí 1287, ilé olódi àti odi ìlú pa pọ̀, nǹkan bíi pọ́n-ùn 15,000 owó ayé ìgbà yẹn ló gbà. Ilé ìsìn àwọn mọ́ǹkì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sin Llywelyn àgbà sí, ìyẹn bàbá bàbá Llywelyn tí wọ́n pa, Edward ní kí wọ́n kó kúrò ńbẹ̀. Ìyẹn nìkan ti sọ ohun tí ilé yẹn wà fún.

Àwọ̀ eérú òkúta tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ lónìí yẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Bí ẹfun ni wọ́n kun gbogbo ara ẹ̀ funfun, díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri láwọn ibì kan. Ilé ńlá funfun báláú létí odò, ilé ìṣọ́ ràbàtà mẹ́jọ lára ẹ̀, odi ìlú sì bẹ̀rẹ̀ látara ẹ̀ ó yí gbogbo ìlú ká, kìlómítà kan àti díẹ̀, ilé ìṣọ́ 21, ẹnubodè mẹ́ta. Ẹni tó bá wà lórí òkè ńbẹ̀un ò lè sọ pé òun ò rí i.

Ìbéèrè tó wá yẹ kéèyàn bi gáìdì rèé: èèyàn mélòó ló ń ṣọ́ gbogbo ẹ̀? Ìdáhùn yẹn máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Àṣẹ tí Edward pa ní 1284 ni pé kí ọmọ ogun ọgbọ̀n wà ní Conwy, 15 nínú wọn á jẹ́ tafàtafà, pẹ̀lú àlùfáà kan, alágbẹ̀dẹ kan, ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ogun kan, agbẹ́kùúta kan àti káfíńtà kan. Ọgbọ̀n èèyàn! Èrò tó wà nínú bọ́ọ̀sì yín lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí ilé olódi ń ṣe gan-an nìyẹn, kí èèyàn díẹ̀ lè dá èèyàn púpọ̀ dúró. Àwọn kan máa ń rò pé ààfin ni, pé ọba ló ń gbébẹ̀ tó ń jayé. Yàrá ọba wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọba ò sì fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ sáàárín ilẹ̀ onílẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù.

Ọgbọ̀n èèyàn ò lè dáko, wọn ò lè ṣe búrẹ́dì. Ìyẹn ló fà á tí ìlú fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn ará Ẹ́ńgílándì ni wọ́n kó wá gbé inú odi Conwy, wọ́n fún wọn nílẹ̀ àti ẹ̀tọ́ láti tajà, àwọn ni wọ́n ń ṣe oúnjẹ, tí wọ́n ń pọn ọtí, tí wọ́n ń pa ẹran, àwọn ọmọ ogun náà sì ń dáàbò bò wọ́n. Àwọn ará Wales tó nilẹ̀ wà níta. Ohun táwọn tó ń rìn lórí odi lónìí kì í rò nìyẹn, wọ́n á ní "ìlú yìí mà rẹwà o", ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n fi odi yí ká kí onílẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú ni.

Tí ogun bá wá ká ìlú àti ilé olódi mọ́ pa pọ̀ ńkọ́? Omi nìyẹn. Gbogbo ibi tí Edward kọ́ ilé olódi sí ní àríwá Wales ni ọkọ̀ ojú omi lè dé. Conwy ní ọ̀nà kékeré kan tó sọ̀ lọ sódò. Ní ìparí 1294, Madog ap Llywelyn, ará Wales kan, gbé ogun dìde sí ọba, Edward fúnra ẹ̀ há sí Conwy, omi nìkan lọ̀nà oúnjẹ títí ìrànwọ́ fi dé nínú oṣù Kejì 1295. Nínú ogun kan náà, ọkùnrin 37 péré ló di Harlech, ilé olódi Edward míì, mú, oúnjẹ láti orí òkun ló gbé wọn ró. Ẹ wo ìyẹn. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nípa bí ògiri ṣe nípọn tó, wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tó jẹ́ kí wọ́n rí oúnjẹ jẹ.

Ṣùgbọ́n Conwy náà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá nígbà tó yá, bó sì ṣe bọ́ ló yẹ kí gbogbo gáìdì máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Good Friday 1401, nígbà tí Owain Glyndŵr, olórí àwọn ará Wales, ń bá ọba Ẹ́ńgílándì jà, àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ilé olódi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ìlú, wọ́n fi èèyàn méjì sílẹ̀. Àwọn kan wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n láwọn ni káfíńtà, àwọn wá ṣiṣẹ́. Ilé tó tóbi tó yẹn, igi ẹ̀ á máa jẹrà, òrùlé ẹ̀ á máa jò, káfíńtà ò lè ṣe àjèjì níbẹ̀, àbí kì í ṣe Edward fúnra ẹ̀ ló ti kọ káfíńtà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1284? Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n pa ẹ̀ṣọ́ méjèèjì, Rhys àti Gwilym ap Tudur tí wọ́n jẹ́ ìbátan Glyndŵr kó àwọn èèyàn wọn wọlé, wọ́n sì di ibẹ̀ mú fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó fi àdéhùn gbé e sílẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Pọ́n-ùn 15,000, ilé ìṣọ́ mẹ́jọ, òkúta tó nípọn ju gígùn èèyàn lọ, oníbodè tí wọ́n tàn lẹ́nu ọ̀nà ló sọ gbogbo ẹ̀ dòfo.

Ká tó kúrò ní Conwy, tí aago bá ṣì gbà yín láyè, ẹ rìn lọ sí apá gúúsù odi ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mill Gate. Ẹ máa rí òkúta tó yọ síta lára odi, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, méjìlá. Ṣáláńgá ni wọ́n, ti àwọn òṣìṣẹ́ ọba, téèyàn bá jókòó nínú, ìta odi ló ń bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ gáìdì ò kì í mú èèyàn débẹ̀.

Caernarfon wá kù. Lọ́dún 1283 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Madog dìde ní 1294, apá tí ilé olódi fi kọjú sí ìlú ò tíì ní ògiri gidi. Odi ìlú ni wọ́n gbójú lé. Nígbà tí Madog gba odi ìlú kọjá, kò sóhun tó kù láti dá a dúró, ó wọ ilé olódi lọ. Nígbà tí wọ́n gbà á padà ní 1295, odi ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, wọ́n wá dojú kọ apá tó já wọn kulẹ̀ yẹn. King's Gate, ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà wọlé, inú iṣẹ́ yẹn ló wà. Ẹ̀kọ́ 1294 ni wọ́n fi òkúta kọ síbẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ báńkì ní Nàìjíríà ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí ilẹ̀kùn gíláàsì róbótó yẹn, èèyàn kan á wọ inú ẹ̀, tẹ̀yìn á pa dé, tiwájú ò tíì ní ṣí. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ẹ ò sí níta ẹ ò sí nínú, sẹ̀kúríítì ń wò yín láti ìta gíláàsì, tí kọ́kọ́rọ́ tàbí fóònù bá wà lápò á dún pé kẹ́ ẹ padà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ yára wọlé bí olówó, ẹ ti di ẹran inú àgò. Ẹni tó fẹ́ fi ipá wọ báńkì, èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n jẹ́ níta, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀kùn máa gbà wọ́n. Ẹ wá fa ilẹ̀kùn báńkì yẹn gùn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀nà tóóró tó ṣókùnkùn, ilẹ̀kùn márùn-ún tó ń tì gbọnyin, ilẹ̀kùn asẹ́ onígi tí wọ́n fi irin gún lẹ́nu mẹ́fà tó ń ti òkè já wálẹ̀, afárá tí wọ́n ń fà sókè níwájú, ọ̀nà á ṣẹ́ kọ́rọ́, afárá míì á tún wà. Ojú ihò tóóró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì tí wọ́n ń ta ọfà gbà, ihò wà lókè orí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya King's Gate. Wọn ò retí pé ilẹ̀kùn kankan máa dá ọ̀tá dúró títí láé o, kí wọ́n kàn dúró díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti lè ta wọ́n lọ́fà, ìyẹn tó.

Àwọn ihò òkè orí yẹn ló máa ń bí èèyàn nínú. Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ẹnì kan nínú bọ́ọ̀sì tó máa ní "ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da epo gbígbóná sí wọn lórí". Gbogbo èèyàn ló gbà á gbọ́. Epo wọ́n gan-an nígbà yẹn, nǹkan tí wọ́n ń rà ni, ta ló máa se agbada epo kalẹ̀ dé ọ̀tá sórí iná lójoojúmọ́, nínú yàrá kékeré tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, nígbà tí òkúta wà nílẹ̀ ọ̀fẹ́? Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù láti dà gba ibẹ̀ ni omi tútù. Igi ni ilẹ̀kùn, ohun tí ọ̀tá tó bá débẹ̀ sì máa kọ́kọ́ ṣe ni kó kó igi gbígbẹ jọ sídìí ẹ̀ kó sọ iná sí i. Omi láti òkè ló ń pa iná yẹn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dùn ju àròsọ epo lọ, torí ó fi hàn pé ẹni tó kọ́ ọ mọ ibi tí nǹkan tóun kọ́ ti kù díẹ̀ káàtó.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má sáré. Ẹ dúró sábẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ wo ara ògiri lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ máa rí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta látòkè délẹ̀. Inú ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn asẹ́ á máa bá sọ̀. Ẹ ka iye tó wà níbẹ̀. Ẹ tún rìn síwájú díẹ̀, ẹ máa rí i pé lójijì, ẹnu ọ̀nà tán, ẹ ti bọ́ sí gbangba, koríko ló wà níwájú yín. Iṣẹ́ dúró ní nǹkan bí 1330, wọn ò kọ́ ìyókù, ọ̀nà tó yẹ kó ṣẹ́ kọ́rọ́ àti afárá kejì ò wáyé. Eyín òkúta tí wọ́n fi sílẹ̀ lára ògiri kí wọ́n lè so èyí tó ń bọ̀ mọ́ ọn ṣì yọ síta níbẹ̀, ó ti ń lọ sí 700 ọdún báyìí tó ti ń retí ìyókù.